Títì Yà fún Igi Munirah

Ìwáyà, létí ọ̀sà.

Munirah ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Àbújá yẹn? Ṣé iṣẹ́ ń lọ geere? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ ká sunkún ara wa o. Èmi náà wà, orúnkún nìkan ló ń dùn mí, ó sì nídìí, wàá gbọ́ ọ. Kọ́kọ́ bá mi yọ̀ ná, torí a ti ṣẹ́gun!

Ṣé o rántí ẹrẹ̀ tó gba bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ lọ́jọ́ tí o wá gbẹ̀yìn, tí o fi bínú pé kí n palẹ̀ ẹrù mọ́ kí n máa bá ọ lọ sí Àbújá, pé kò sí ohun tí a fi sílẹ̀ ní Ìwáyà? Ẹrẹ̀ yẹn ti lọ o. Ìjọba ti da íńtálọ́ọ̀kù sí i títí dé etí omi, wọ́n kun gbogbo ilé lọ́dà, tiwa pọ́n bí àkàrà tó jiná. Wọ́n gbin òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àmọ́ kò sí èyí tó ṣeé sè níbẹ̀, mo bá fi ata rodo há a láàárín, kí iṣẹ́ wọn má baà já sí asán.

Òpó iná tó kọjú sílé wa ni wọ́n wá so kámẹ́rà mọ́. Ẹnjiníà wọn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣùbòmí, ní àwọn èèyàn ìjọba jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń wò wá láti inú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Háà! Èèyàn ń wò mí láàárọ̀, kí n má kí i? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé wa. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kírun àárọ̀ tán, màá lọ kúnlẹ̀ nídìí òpó, ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ìṣọ́, ṣé ẹ ti jẹun? Mabel, ìyá Jude tó wà nílé kejì, rẹ́rìn-ín títí ó fi dinú mú. Ó ní irin ni mò ń kí. Mo ní irin tó lójú ńkọ́?

Àfi bí wọ́n ṣe fa ọ̀dà pupa sára igi fúrúùtù iwájú ilé. Ṣùbòmí ní wọ́n máa gé e, pé ibẹ̀ ni gọ́tà máa gbà. Munirah, o mọ igi yẹn. Lọ́jọ́ tí mo bí ọ, bàbá rẹ, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, fọwọ́ ara rẹ̀ ri ibi rẹ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ìkejì rẹ tó bá ọ wáyé, ó sì gbin fúrúùtù lé e lórí. Bí wọ́n bá hú u, ibo ni kí n máa tọ́ka sí pé ibẹ̀ lọmọ mi ti ṣẹ̀?

Mo bẹ Ṣùbòmí, ó ní àṣẹ ọ́fíìsì ni. Ọ́fíìsì kẹ̀? Ṣebí ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n! Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà, mi ò dìde mọ́. Mo rojọ́ fún wọn, mo gbé fọ́tò rẹ sókè kí wọ́n lè rí ẹni tọ́rọ̀ kàn, nígbà tí wọn ò dáhùn, mo ní bóyá ọ̀nà ló jìn, mo bá ń pariwo. Òòrùn mú. Mabel tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ló wá fi agboòrùn ṣíji bò mí.

Kó tó di ọ̀sán, mọ́tò ìjọba dé! Ọ̀gá wọn sọ̀ kalẹ̀, ó ní ìyá arúgbó kan làwọn máa ń rí tó ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, pé tòní ni kò dìde, àwọn rò pé ara rẹ̀ ò yá ni. Ṣé o rí i pé wọ́n mọ̀ mí? Mo fà á lọ sídìí igi, mo sọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún un. Ó ní ibi tòun náà wà lábẹ́ igi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó wá ní kí Ṣùbòmí jẹ́ kí gọ́tà yà.

Gọ́tà yà, Munirah! Íńtálọ́ọ̀kù náà yà, wọ́n tún mọ bẹ́ǹṣì yí igi rẹ ká. Mabel fúnra rẹ̀ ti ń kúnlẹ̀ kí òpó báyìí.

Jọ̀ọ́, fowó aṣọ ránṣẹ́, torí ìró kan náà ni wọ́n ń rí nídìí mi láràárọ̀, kí wọ́n má lọ rò pé mi ò bímọ. Fi owó oògùn orúnkún mọ́ ọn, íńtálọ́ọ̀kù le ju ẹrẹ̀ lọ.

Ọlọ́run tó mú títì ìjọba yà nítorí rẹ, gbogbo ohun tó bá dínà dè ọ́ ni yóò yà fún ọ. Àmín. Bí o bá dé, kúnlẹ̀ kí wọn nídìí òpó kí o tó wọlé. Mo ti sọ fún wọn pé o ń bọ̀. Èmi pẹ̀lú wọn la jọ ń wọ̀nà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kùdírátù.