Ẹ̀rọ Kẹfà, Ìyáálé Mi

Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹwàá 1962

Wọ́n ka Fátíhà àdéhùn ìgbéyàwó mi lánàá. Òrùka Bahgat ti wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Ó há díẹ̀. Ìyá ní kí n fọkàn balẹ̀, pé wàhálà ìgbéyàwó á ti mú mi rù kó tó di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Bàbá ò sọ púpọ̀. Ó dì mọ́ Bahgat, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i, ó sì gun òrùlé lọ bá àwọn ẹyẹlé rẹ̀. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ wa ti ní kó máa lọ sílé nítorí ojú rẹ̀, ẹyẹlé ló ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Níbi iṣẹ́, Galila tó máa ń jókòó tì mí fa ọwọ́ mi sábẹ́ awò tí a fi ń yẹ nǹkan wẹ́wẹ́ wò. Ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ihò wà lára òrùka náà. Ihò ni iṣẹ́ wa: fìlà wúrà tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, ihò wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni oyin ń gbà bọ́ sínú omi kíkan tó fi ń di òwú ṣẹ́dà. Oyin la ń pè é nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gbóòórùn rẹ̀ kò ní pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ajé, 8 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti gbé Bahgat kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ òwú. Gbọ̀ngàn ẹ̀rọ ló wà báyìí, níbi tí oyin ti ń di òwú. Ọ̀gá Funfun — ẹnjiníà tí aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí, nítorí kì í sún mọ́ nǹkan kan — ló sọ pé ìka ọwọ́ rẹ̀ yá bí ìka olè. Lórí ẹ̀rọ, tí òwú bá já, ènìyàn á gbé fèrèsé gíláàsì sókè, á ki orí bọ abẹ́ rẹ̀, á fi ọwọ́ mú òwú náà nínú omi kíkan. Bahgat ń mú un kí ẹlòmíràn tó rí i pé ó já.

Ó gbé bàsìbúsà, àkàrà dídùn, wá sílé wa nírọ̀lẹ́, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó bímọ. Bàbá bi í pé ẹ̀rọ wo. Ó ní, "Ẹ̀kẹfà ni, Alájì. Ẹ̀rọ tiyín gan-an." Bàbá ti àwo rẹ̀ síwájú, kò jẹun mọ́. Lẹ́yìn tí Bahgat lọ, Ìyá ní àgbàlagbà ń jowú. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹwàá

Mo ti sọ ẹ̀rọ kẹfà lórúkọ: Ìyáálé. Òun ló ń rí ọkọ mi láàárọ̀, èmi ń jẹ àjẹkù.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹwàá

A rìn létí odò títí dé ibi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń kó òkúta ń gúnlẹ̀ sí. Ìyáálé nìkan ló sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí àwọn ìkòkò rẹ̀ ṣe ń yí lọ́nà tí ojú ò lè tẹ̀lé, tí òwú ń fi ara mọ́ ògiri ìkòkò fúnra rẹ̀, tí ènìyàn á dá a dúró, á gbé òrùka òwú funfun jáde, tútù, rírọ̀. Mo ní, "Ó tó, mo ti gbọ́ ẹwà orogún mi." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Ó fún mi ní wàrà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ń fún àwọn ará gbọ̀ngàn ní ìgò wàrà kọ̀ọ̀kan kó lè fọ májèlé inú wọn. Ó ní wàrà ọmọdé ni. Mo mu ún.

Ajé, 15 Oṣù Kẹwàá

Ó ní òun ń rí òṣùmàrè yí gbogbo iná ìgboro ká. Ó sọ ọ́ bí ohun tó dára.

Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹwàá

Òṣùmàrè ti wọlé tán. Ojú rẹ̀ wú, kò lè là á. Bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i, ó ní. Àwọn ará gbọ̀ngàn ní àlejò ló dé, gbogbo wọn ló ti gbà á lálejò rí. Wọ́n ní kó gé pòtétò tútù lé ojú. Bàbá gan-an ló gé pòtétò náà nílé wa, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kò béèrè bí wọ́n ṣe ń gé e.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹwàá

Ìyá ti rí ẹjọ́ dá: ojú ìlara ni. Ìyá Galila ló kọ́kọ́ fura sí, nítorí ó sọ pé Bahgat lẹ́wà láì sọ "máṣáàláhù." Ó gé pépà bí ènìyàn, ó ń fi abẹ́rẹ́ gún un: "Ojú Ìyá Galila! Ojú Ọ̀gá Funfun! Ojú gbogbo ẹni tó rí i tí kò kí Ànábì!" Ó dáná sun ún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù àti tùràrí, ó sì ní kí Bahgat tẹrí sí èéfín náà dáadáa.

Ojú tó ń ta, èéfín tùràrí. Mo ní, "Ìyá, ẹ rọra." Ó ní, "Ìwọ dákẹ́, omijé ló ń lé e jáde." Omijé jáde lóòótọ́. Bahgat ń sunkún, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún. Álọ́ọ̀mù náà yọ́, ó dì, Ìyá ní ojú Ìyá Galila ló yọ sí i kedere. Lójú tèmi ó jọ ràkúnmí.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ojú ènìyàn kọ́ ló ṣe é." Ìyá tún da tùràrí sí iná.

Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹwàá

Ojú ti wálẹ̀, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó wá mu tíì lọ́dọ̀ wa. Ṣúgà kéré. Ó sọ ife mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ó ń wo ògiri bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Ìyá ní, "Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ lágbára, ó rẹ̀ ẹ́ ni," ó sì kúnlẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù. Ó yára ṣa á — ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà.

Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹwàá

Ó ní mo rẹ́rìn-ín sí awakọ̀ ilé iṣẹ́. Awakọ̀ náà ti ní ọmọ-ọmọ, kò sì léyín. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kì í sùn mọ́, pé àwọn ènìyàn ń lé òun lójú àlá. Bahgat tí wọ́n máa ń pariwo mọ́ kó tó jí lójú oorun!

Galila béèrè bóyá inú mi ṣì dùn. Mo ní mo ń yẹ fìlà wò, kó jẹ́ kí n ráyè.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹwàá

Àlejò tún dé sí ojú rẹ̀, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà ilé iṣẹ́ ní kó lọ sinmi lábúlé ìyá rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀.

Ara tù mí pé kò sí nítòsí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ẹtì, 2 Oṣù Kọkànlá

Èmi àti Ìyá wọ rélùwéè lọ wò ó. Ó jókòó lábẹ́ igi mọ́líbẹ́rì, ojú rẹ̀ funfun báláú, ó ń bá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ hun agbọ̀n. Ó rí mi, ó dìde, ó ní, "Ìyàwó kékeré! Ìyáálé rẹ ńkọ́, ṣé ó ń béèrè mi?" Bahgat tèmi nìyẹn. Ó tọrọ àforíjì nítorí ife náà, ó tọrọ nítorí awakọ̀, ó ní kí n bá òun kí awakọ̀ náà àti eyín rẹ̀. A jẹ fàtíìrì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, gbígbóná pẹ̀lú oyin — oyin gidi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo rò pé n kò tíì kọ ìyẹn síbí rí.

Nínú ọkọ̀, Ìyá ní kí n má fòyà. "Bí bàbá rẹ náà ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn. Iná ni. Mẹ́kà ló tún un ṣe. Bahgat náà á lọ Mẹ́kà."

Mo ń wo oko òwú lójú fèrèsé, mo ń ronú. Bàbá ti ti Mẹ́kà dé nígbà tó ṣẹ́ apá ẹ̀gbọ́n mi Rifaat. Mo rántí, nítorí omi Sámúsámù tí a fi kí àwọn àlejò ni Ìyá fi fọ ojú Rifaat. Rifaat lọ sí Suez lẹ́yìn ìyẹn, kò wálé mọ́. Mẹ́kà kọ́ ló tún Bàbá ṣe. Ìgbà tó kúrò nídìí ẹ̀rọ ló yípadà.

N kò sọ fún Ìyá. Ó ń sùn, orí rẹ̀ wà léjìká mi.

Ajé, 5 Oṣù Kọkànlá

Bahgat ti padà sọ́dọ̀ Ìyáálé. Mo sọ èrò mi fún un lẹ́nu géètì. Mo ní kó bẹ Ọ̀gá Funfun kó dá a padà síbi ìfọ-òwú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Orogún ń bá ọ jà lóòótọ́." Ó ṣì jẹ́ Bahgat abúlé, mo rí i. Mo ń wò ó bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ìkòkò wàrà lórí iná.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kọkànlá

Mo pẹ́ jáde. Ó ti dúró lẹ́nu géètì. Ó béèrè ẹni tó dá mi dúró, mo ní Galila, ó ní irọ́ ni, ó sì lọ́ ọwọ́ mi títí òrùka fi wọ ẹran. Àwọn ènìyàn ń kọjá. Mo bẹ̀rù rẹ̀. Mo gbé ẹ̀wù apá gígùn wọ̀ nílé. Bàbá ní kí n bá òun gbé omi ẹyẹlé gòkè, ó sì rí ọgbẹ́ ọwọ́ mi. Ó gba korobá lọ́wọ́ mi.

Ẹtì, 9 Oṣù Kọkànlá

Bahgat wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ láti bá Bàbá fi ọjọ́ ìgbéyàwó múlẹ̀. Ìyá gbé tíì wá. Bàbá kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, kúrò nídìí ẹ̀rọ yẹn tàbí kí o gba òrùka rẹ."

Bahgat rò pé eré ni. Ó ní, "Alájì, ẹ̀yin náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ẹ fi darúgbó. Kí ló ṣe yín?"

Bàbá wo Ìyá. Ó ní, "Ìyá Rifaat, sọ fún un."

Ìyá gbé tíréè kalẹ̀. Mo rò pé kò ní sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka ohun tó fẹ́ rà lọ́jà: eyín iwájú rẹ̀ méjì tó kán, tí wọ́n sọ fún wa pé orí àkàbà òrùlé ló ti já bọ́. Apá Rifaat. Ọdún kan tí Ìyá fúnra rẹ̀ fi ń wọ bàtà sùn kó lè rí sáré. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ìyẹn ti kọjá. Ó lọ Mẹ́kà, Ọlọ́run gbà á."

Bàbá ní, "Mẹ́kà kọ́. Ẹ̀rọ ni. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ti ilé iṣẹ́ pa nítorí ọdún Iléyá, ara mi á wálẹ̀, n ó di ènìyàn. Tí mo bá padà síbẹ̀, á tún dé. Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Ìyá pe orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe Bàbá Rifaat, kì í ṣe Alájì. "Mitwalli. O mọ̀?"

Bàbá tẹjú mọ́ tíì rẹ̀.

"O mọ̀, o sì ń padà lọ síbẹ̀ láràárọ̀? Èmi ń gbààwẹ̀, mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìwọ mọ̀?"

Ó ní, "Kí la ò bá máa jẹ?"

Ìyá wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Bahgat mú fìlà rẹ̀. Ojú ti ti gbogbo wa. Ní àtẹ̀gùn ó dì mí lọ́wọ́, ọwọ́ tí kò dùn mí, ó ní òun máa rò ó. Ó rọra sọ ọ́, mo sì gbà á gbọ́. Bàbá ṣì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ife mẹ́rin.

Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kọkànlá

Ìyá kò bá Bàbá sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ó gbé ẹ̀wà rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì jẹ tirẹ̀ ní kíṣìnì lórí ìdúró.

Mo gbé fìlà wúrà tuntun lọ sí gbọ̀ngàn fúnra mi. Galila ló yẹ kó lọ. Nídìí ẹ̀rọ kẹfà ni mo ti bá Bahgat. Ó ti gbé gíláàsì sókè, orí rẹ̀ àti apá rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀, òwú ti já ní ọ̀pọ̀ ibi. Omi ń dà lójú rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé o ti rò ó?"

Kò yọ orí. Ó ní, "Insaf, kí la ó máa jẹ?"

Mo bọ́ òrùka náà. Ó ṣòro bọ́, mo fi itọ́ sí i. Mo jù ú sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú omi kíkan.