Ẹ Sún Ilé Yín Síwájú Díẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú àjò o. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara Màmá ti yá. Ẹsẹ̀ wọn ò wú mọ́.

Bíríkìlà tí ẹ rán sí wa gbé àáké dé lánàá láti gé igi ẹ̀yìnkùlé. Mo dúró sídìí ẹ̀. Mo ní, "Àfi tí ẹ bá máa gé mi mọ́ ọn." Ó gbé àáké ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n, erékùṣù wa nìkan ni irú igi yìí ń hù sí láyé, méjì péré ló sì kù. Èso ẹ̀ ń gbó lọ́wọ́. Mo fẹ́ gbìn ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n sún ìpìlẹ̀ ilé yín síwájú. Màmá ní tí ẹ bá kọ̀, àwọn náà á gbé àga wá jókòó tì mí.

Ọlọ́run á mú yín wálé wá jókòó lábẹ́ ibòòji ẹ̀.

Àbúrò yín