Ẹni Tí Yóò Jókòó Ti Bọ́tìnnì

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọjọ́rú, oṣù kẹwàá, ọdún 1988.

Zulaikha Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé nínú Èkó yẹn o. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Iṣẹ́ tó gbé ọ níyì kò ní gbé ọ ṣánlẹ̀. Ilé dára, ewúrẹ́ rẹ ti bí mẹ́ta, ọ̀kan dúdú bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, àwa náà wà.

Ìyá rẹ ló lọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ni dókítà ní Ògbómọ̀ṣọ́ yọ awọ funfun tó bo ojú ọ̀tún rẹ̀, ojú kan ṣoṣo tó kù fún un, wọ́n sì fi báńdéèjì dì í. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ tú u. Àfi bí ìyá rẹ ṣe di báńdéèjì mú, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u àyàfi tí ìwọ bá dúró níwájú òun, ojú rẹ ni òun yóò kọ́kọ́ rí. O ṣáà rántí pé nígbà tí o wálé kẹ́yìn, ọwọ́ ló fi wò ọ́ lójú. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní ṣebí èmi ọkọ rẹ̀ rèé, ó ní òun ti mọ ojú tèmi láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí tuntun níbẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Nígbà tí a ní kí o wá ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, o kọ̀wé pé bọ́tìnnì kò jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. O ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ rẹ, pé ìwọ lo kọ àṣẹ kékeré kan tó ń gbọ́ bí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́, tí yóò sáré sọ fún kóró inú ẹ̀rọ, àṣẹ àgbà tó ń darí gbogbo rẹ̀, pé kó palẹ̀ iṣẹ́ mọ́ kó tó sùn, àti pé bí wọ́n bá ti tún kóró náà ṣe, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́wọ́ báyìí, tìrẹ náà a fẹ́ àtúnṣe. Ó yé mi kedere. Bí àlejò bá kágò, ó yẹ kí ẹnìkan dáhùn, kí ẹni tó ń wẹ̀ lè rí aṣọ bora. Ohun tí kò yé mi ni ẹni tó ń dúró tì í bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́.

Èmi ni màá bá ọ jókòó tì í. Kọ́kọ́rọ́ mọ́ṣáláṣí wà lọ́wọ́ mi fún ọdún méjìlélógún, ilẹ̀kùn kò pẹ́ ṣí lọ́jọ́ kan rí. Láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé ni mo ti ń fi rédíò mi kọ́ ọ. N kì í kàn pa á mọ́, mo máa ń sọ fún un pé ká palẹ̀ mọ́ o. Lánàá, kí ọwọ́ mi tó kan bọ́tìnnì, oníròyìn ní ìròyìn parí síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti ń gbọ́. Ọ̀ṣuntókun aládùúgbò wa ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ni yóò máa ro ó.

Sọ fún ọ̀gá rẹ pé n kò ní tẹ nǹkan kan. Ojú lásán ni màá fi wò ó. Bí kóró inú bá yí padà, màá bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù, ọmọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Mo ti fẹ́ ju lẹ́tà yìí sí pọ́sítọ́fíìsì, mo wá rò ó pé kò ní bá Ẹtì. Ọjọ́bọ̀ ti mọ́ báyìí, mo ti wọ ọkọ̀ òru dé Èkó, orí bẹ́ńṣì mègàdì yín nísàlẹ̀ ilé iṣẹ́ rẹ ni mo ti ń kọ èyí tó kù. Ó ní ènìyàn kò gbọdọ̀ gòkè, pé ìwé nìkan ló ń gòkè, ni mo bá ní kó gbé ìwé lọ. Ẹní ìkírun mi wà lọ́wọ́, kẹ́tùlù mi wà lọ́wọ́. Owó tí mo ń tọrọ kò pọ̀, fún mi ní ti oúnjẹ títí di Àìkú, kí o sì ra ọsàn fún ìyá rẹ lọ́nà.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìwọ náà rí ọmọ tí yóò máa wù ọ́ rí. Sọ̀kalẹ̀ wá, fi bọ́tìnnì náà hàn mí, kí o máa lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ Marufat ló wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ. Ó ní ìyá yín kò tíì fọwọ́ kúrò lára báńdéèjì.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mashood Àyìndé.