Bọ́tìnì Kejì Lára Kọ̀ǹpútà Bàbá Rẹ

Thiện,

Ìrẹsì wà nínú ìkòkò, ẹja wà lábẹ́ ọmọrí. Gbé e kaná kí o tó jẹ ẹ́. Mo ti lọ síbi tí a ti ń hun àwọ̀n, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó dé.

Ta ló ní kí o fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kékeré àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ? Láàárọ̀ yìí mo bu ìrẹsì síwájú fọ́tò rẹ̀, bí mo ti ń ṣe láti ìgbà tó ti kú, mo bu tèmi, mo wá tẹ bọ́tìnì kejì kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Orin géèmù ló bú jáde. Mo tún un tẹ̀, géèmù náà ni. Ìrẹsì tutù mọ́ mi lọ́wọ́.

O mọ̀ pé nílé yìí a kì í fọwọ́ kan oúnjẹ láìjẹ́ pé ẹnì kan pe ẹnì kejì. Orí ibùsùn ni ìwọ ti ń jẹ tìrẹ. Òun nìkan ló kù tó ń pè mí: “Ìyá Thiện, ó yá, wá jẹun, ọbẹ̀ ń tutù.” Eré ló fi ṣe nígbà tó gba ohùn náà sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kí n máa gbọ́ òun bí òun bá wà lójú òkun.

Wọ inú sẹ́tíńsì, níbi tí wọ́n ti ń yan iṣẹ́ fún bọ́tìnì, kí o dá ohùn rẹ̀ padà síbẹ̀. Mi ò bínú. Mi ò kàn tíì jẹun ni.

Bí kò bá ṣeé dá padà, dúró dè mí lálẹ́, kí ìwọ pè mí wá jẹun.