Fọ́tò Oòrùn Tí A Wò Nínú Omi

Abúlé Ọlọ́rundá, lẹ́bàá Ìlarò,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Júláì, 1973.

Kúnbi, ọmọ mi,

Ṣé o jí ire, ṣé o sì ń ríran dáadáa? Ìdí tí mo fi bèèrè ìyẹn ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ṣé ara Ọ̀gá Mísbáù tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ fọ́tò le? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣì ní títì Òṣòdì o. Àwa wà, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, òjò sì ń rọ̀ sí àgbàdo wa.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́, pẹ̀lú fọ́tò oòrùn tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ gba Kánò kọjá lọ yà nínú aṣálẹ̀, níbi tí òṣùpá ti bò ó pátápátá. Bí o ṣe kọ ọ́ pé ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó, ojú rẹ̀ á fọ́, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo fọ́tò náà bẹ́ẹ̀. Omi ni mo bù sínú abọ́ tánganran, mo na fọ́tò sókè orí rẹ̀, èmi àti ìyá rẹ wá ń wò ó nínú omi. Fàósátù aládùúgbò wa yọjú wò ó ní tààrà, mo lé e síta, àràárọ̀ ni mo sì ń bi í bóyá ó ṣì ń ríran.

Mo fi ọ́ yangàn káàkiri abúlé, ṣùgbọ́n inú tún ń bí mi. Ní 1947 tí ọ̀sán di òru níbí, tí àwọn adìẹ wọlé lọ sùn, oyún rẹ wà nínú ìyá rẹ. Mo tì í mọ́ yàrá, mo fi aṣọ dí fèrèsé, kí ohun náà má baà rí ọ. Ẹ̀gbọ́n mi Olúbọ̀wálé tó tẹjú mọ́ ọn, ojú rẹ̀ òsì kò ríran mọ́ títí tó fi kú. Ohun tí mo fi ọ́ pamọ́ fún kí n tó mọ orúkọ rẹ, ìwọ wá wọ ọkọ̀ lọ wá a!

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí: ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ lẹ́tà rẹ. Kì í ṣe ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ tí mo mọ̀, tí gbogbo ìlà rẹ̀ máa ń gun òkè. Ìyá rẹ ní o ti di ọ̀làjú ni. Èmi ní ojú ló fọ́, tí ẹlòmíràn fi ń bá ọ kọ̀wé. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi láti ọjọ́ náà.

Jọ̀wọ́, fi ọwọ́ ara rẹ kọ èsì, bó ti wù kó wọ́. Bí owó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún epo àtùpà àti férémù, kí Ọ̀gá Mísbáù sì ya ìwọ náà ní fọ́tò, kí o la ojú rẹ méjèèjì sílẹ̀. Bí owó kò bá sí, ojú rẹ nìkan tó wa. Oòrùn rẹ kò ní wọ̀ lọ́sàn-án, láṣẹ Ọlọ́run tó dá a.

Fọ́tò tìrẹ, a ò ní bu omi sí abọ́. A ó wò ó ní tààrà.

Bàbá rẹ tó ń retí,
Fákúnlé.