Káàdì Orúkọ Tí Mo Gbé Síwájú Ìyá Sultan

Ilé Alhaji Mutala,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí Kékeré,
Darkuman,
Accra.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Afeefah, ẹnìkejì mi lórí bẹ́ǹṣì láti ilé-ìwé JHS,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni kí n kọ́kọ́ kà fún ọ, kí n tó kí ọ. Mo rí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìpàdé wa ní ṣíṣí, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo rí tábìlì tí wọ́n tò yí gbọ̀ngàn ká, aṣọ funfun lórí rẹ̀, máíkì àti ìgò omi níwájú àga kọ̀ọ̀kan. Mo rí ìwé tuntun tí a fẹ́ gbé jáde lọ́jọ́ náà, òórùn íǹkì ṣì ń jáde lára wọn. Mo rí ojú àǹtí rẹ, Ìyá Sultan, lórí èèpo ìwé kọ̀ọ̀kan, ó gbé ojú sókè, ìmọ́lẹ̀ bà á, ó ń wò mí láti gbogbo orí tábìlì. Mo rí yàrá onígíláàsì kékeré méjì lẹ́yìn, níbi tí àwọn ògbufọ̀ máa ń jókòó sí. Mo sì rí ọwọ́ ara mi tó mú káàdì orúkọ kan jáde nínú báàgì, tó gbé e kalẹ̀ láàárín àwọn yòókù.

Ó dáa, mo kí ọ wàyí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àti ọmọ tuntun tí mi ò tíì rí fọ́tò rẹ̀? Ṣé ìyá ọkọ rẹ ti gbádùn? Ṣé ọyẹ́ ti ń dé Ṣakí? Àwa níbí ń bẹ. Màmá mi ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ kò dùn ún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé o ti bùlọ́ọ̀kì mi lórí Wasáàpù láti oṣù tó kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò, tí mo ń fi lẹ́tà yìí rán Wàsíù tó ń kó ẹrù lọ sí Ṣakí. Mi ò bínú sí ọ púpọ̀. Mo bínú díẹ̀. Wọ́n sọ fún ọ pé èmi ni mo gbé ojú àǹtí rẹ síta, o sì gbà á láìbi mí léèrè. Jókòó kí o kà á tán, lẹ́yìn náà kí o ṣe é bó bá ṣe wù ọ́.

O ò mọ iṣẹ́ mi dáadáa, jẹ́ kí n là á yé ọ. Àjọ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ẹ̀ka tèmi ló ń tọ́jú ìpàdé, tó ń tọ́jú àwọn ìwé ìpàdé, tó sì ń gbé ìwé títẹ̀ jáde. Ọ̀gbẹ́ni Olútóyè ni ọ̀gá ẹ̀ka náà. Yorùbá ni òun náà, Nàìjíríà ló ti wá, ó kàwé kọjá òkun, ó sì máa ń pe àwa Anago, Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra, ní Yorùbá ayédèrú. Èmi ni mò ń ṣe ẹ̀dà ìwé, tí mò ń tẹ káàdì orúkọ, tí mò ń gbé omi fún àlejò.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ń wá àwọn opó tí ẹbí ọkọ fẹ́ gba dúkìá lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn fún ìwé kan. Èmi ni mo mú Ìyá Sultan wá. O mọ bí Kàsímù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ṣe fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn ní Madina, ní Accra níbí, lẹ́yìn tí Bàbá Sultan kú. O mọ bí àwọn àgbà Zongo, àdúgbò àwa Mùsùlùmí, ṣe parí rẹ̀: ṣọ́ọ̀bù di ti Ìyá Sultan àti ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ẹbí síta. Nítorí èyí, àjọ ṣèlérí fún un pé orúkọ àyálò ni wọn yóò lò, pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé òun ni. Wọ́n lo orúkọ àyálò lóòótọ́. Ọ̀gá Olútóyè wá fi ojú rẹ̀ sí èèpo ìwé.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò náà lọ́jọ́ tí Ìyá Sultan wá sọ̀rọ̀. Ó ní fáìlì ọ́fíìsì ni òun fẹ́ fi í sí. Mi ò tún gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí tí mo fi lọ gba ẹ̀dà tí a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Accra New Town, tí mo rí i lórí èèpo. Mo sáré padà lọ bá a. Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, “Raqeebah, iṣẹ́ tìẹ ni kí o gbé káàdì sórí tábìlì. Ìgbà tí mo bá fẹ́ gbọ́ èrò ẹ, màá pè ẹ́. Ojú yẹn dáa, àwọn tó ń fún wa lówó á fẹ́ràn ẹ̀.”

Lọ́jọ́ kejì ó gbé èèpo ìwé náà sórí Fesibúùkù láti fi pe ènìyàn wá síbi ìpàdé. Kò pẹ́ tó fi dé Madina. Kàsímù fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní Ìyá Sultan ti da àdéhùn. Nígbà tí Ìyá Sultan wá sí ọ́fíìsì láti béèrè, Olútóyè fà mí síwájú, ó ní èmi ni mo lọ fún àwọn atẹ̀wé ní fọ́tò, pé ọmọdé ń ṣe mí, kí ìyá foríjì mí. O mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í yá mi lẹ́nu. Ìyá Sultan wò mí, ó tu itọ́ sí ẹnu ọ̀nà wa, ó sì lọ. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dé etí rẹ ní Ṣakí nìyẹn.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé torí ṣọ́ọ̀bù nìkan ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Mo fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù náà ṣí, ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ kí ojú ti Olútóyè lójú gbogbo àwọn tó ń wẹ̀wù lọ bá. Mo gbé e sọ́kàn bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n, mo ń bá a jí, mo ń bá a sùn.

Ní ìpàdé wa, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kì í nawọ́. Káàdì orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ ló máa gbé dúró lóòró. Alága gbọ́dọ̀ pe gbogbo káàdì tó bá dúró, kò gbọ́dọ̀ fo ọ̀kankan. Ẹni tí kò bá ní káàdì, bó jẹ́ mínísítà, á jókòó jẹ́ẹ́. Ta ló ń tẹ káàdì? Èmi tí iṣẹ́ mi kò ju kí n gbé e sórí tábìlì lọ.

Mo lọ sí Madina. Mo bá Ìyá Sultan tó ń ta aṣọ lórí àpótí kan níwájú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ tí wọ́n tì pa. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Ọmọ Anago tó ta mí, kí lo tún wá tà?”

Mo ní, “Ẹ má gbà mí gbọ́, Ìyá. Ẹ wá bi í lójú gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ bú mi níbẹ̀.”

Ó ká aṣọ títí, ó tú u, ó tún un ká. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n jókòó?”

“Orúkọ yín á wà lórí tábìlì.”

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ìyá Sultan kò gbọ́ Òyìnbó, mo sì mọ̀ pé Olútóyè yóò sáré dìde láti túmọ̀ fún un, yóò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Mo fẹ́ kó yí i. Yàkúbù tó ń ṣe ògbufọ̀ Faransé fún wa, ọmọ Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ ni, Yorùbá ni wọ́n fi tọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé náà, bí mo ṣe gbé tíì fún un, mo bi í pé bí ẹnì kan bá sọ Yorùbá nínú ìpàdé, ẹnu ta ni yóò ti mú un, ti ẹni náà ni àbí ti ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Òyìnbó. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹnu ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ṣé kí n dúró de ẹlòmíì kó bá mi jẹ ẹ́ ni?”

Àwọn àlejò wọlé. Mo mú Ìyá Sultan jókòó sídìí káàdì rẹ̀, ìborùn funfun lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ lórí ìwé níwájú rẹ̀. Olútóyè ń ya fọ́tò lọ́dọ̀ alága, ìyá àgbà kan láti Gáńbíà, kò wo apá ìsàlẹ̀ tábìlì. Ọ̀gá mi dìde, ó sọ̀rọ̀ dáadáa nípa àwọn obìnrin tí kò ní ẹni tí yóò gbọ́ tiwọn. Bó ṣe jókòó báyìí, Ìyá Sultan gbé káàdì rẹ̀ dúró, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Mo ń wo ojú ọ̀gá mi nígbà tí alága ka orúkọ náà jáde. Ojú rẹ̀ lọ sórí ìwé, ó lọ sórí ìyá, ó padà sórí ìwé. Lẹ́yìn náà ló fò dìde pé Yorùbá ni Hájíà ń sọ, òun yóò túmọ̀.

Ìyá Sultan ní, “Mo kí gbogbo yín. Èmi ni mo ni ojú tó wà lórí ìwé yín. Ẹ ní ẹ máa bò mí. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù mi torí ìwé yìí. Mo wá bi yín pé ta ló tà mí? Ṣé ọ̀gbẹ́ni yìí ni, àbí ọmọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn?”

Olútóyè rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó sọ ọ́ ní Òyìnbó pé Hájíà dúpẹ́, pé inú rẹ̀ dùn bí ayé ṣe rí ojú rẹ̀, pé ìwé náà ti gbé e níyì. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyá Sultan wò wọ́n yíká. “Kí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún?”

Àwọn tó ń gbọ́ Faransé kò pàtẹ́wọ́. Yàkúbù ti sọ gbogbo rẹ̀ sí wọn létí bó ṣe jáde lẹ́nu ìyá. Ọkùnrin Senegal kan yọ ẹ̀rọ ògbufọ̀ tó kì bọ etí, ó yí i sí Òyìnbó, ó yí i padà. Ó gbé káàdì rẹ̀ dúró. Ó ní, “Alága, ohun tí mo fi etí kan gbọ́ àti ohun tí mo fi ìkejì gbọ́, wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan náà.”

Alága ní kí Yàkúbù sọ tirẹ̀ ní Òyìnbó. Ó sọ ọ́. Olútóyè ní Yorùbá ìyá náà jinlẹ̀, pé ọmọ Bẹ̀nẹ̀ yìí kò lè gbọ́ ọ délẹ̀. Yàkúbù dá a lóhùn ní Yorùbá nínú máíkì, “Ọ̀gá, ‘Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù mi’, èwo ló jinlẹ̀ níbẹ̀?” Ìyá Sultan nìkan ló rẹ́rìn-ín, àti èmi, nínú mi lọ́hùn-ún.

Alága béèrè ẹni tó ya fọ́tò. Olútóyè nawọ́ sí mi. Kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀, Ìyá Sultan ti rí ọwọ́ náà. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, “Irọ́ ni. Ìwọ lo di fóònù mú, tí o ní kí n gbé ojú sókè. Ọmọ yìí ń bu omi fún mi nígbà yẹn. Mo ti wá rántí.”

Yàkúbù sọ ọ́ ní èdè méjèèjì. Alága mú ìwé iwájú rẹ̀, ó da ojú rẹ̀ dé orí tábìlì. Àwọn yòókù ń da tiwọn dé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ojú àǹtí rẹ kò fi sí lórí tábìlì mọ́, àfi tirẹ̀ gangan. Alága ní kí ìwé kankan má ṣe jáde, kí lọ́yà àjọ bá Ìyá Sultan lọ sí Madina lọ́jọ́ náà gan-an.

Olútóyè dá mi dúró ní kọ́rídọ̀. Òógùn bò ó. “Raqeebah, kí ni mo ṣe fún ẹ?”

Mo ní, “Ẹ ní iṣẹ́ mi ni kí n gbé káàdì sórí tábìlì, sà. Mo gbé e.”

Èmi náà wà nínú mọ́tò tó lọ sí Madina. Lọ́yà ṣàlàyé fún àwọn àgbà Zongo pé Ìyá Sultan kò da àdéhùn, àjọ ló da tirẹ̀. Wọ́n ní kí Kàsímù mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ó dé, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ní, “Ìyàwó wa, mi ò mọ̀ pé wọ́n tàn yín ni.” Ìyá Sultan ní, “Ṣí i.” Ó ṣí i. Ìyá náà fà mí lọ́wọ́ wọlé, ó bu omi fún mi.

Láti ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ní kí Olútóyè dúró sílé. Wọ́n fún èmi náà ní ìwé pé kí n wá ṣàlàyé ẹni tó fún mi láṣẹ láti tẹ káàdì náà. Wọ́n lè lé mi. Bí wọ́n bá lé mi, màá lọ ta páàtì mọ́tò ní Abossey Okai. Àwọn kan ní ọ́fíìsì ní kí n lọ bẹ Olútóyè, pé ó lọ́mọ. Ìyá Sultan náà lọ́mọ. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, fi ẹnu ko ọmọ rẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Pe àǹtí rẹ kí o tó pe èmi. Màá dúró.

Èmi ni mo máa ń kó káàdì lẹ́yìn ìpàdé. Ti Ìyá Sultan, mo fún un, ó ti gbé e sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Ti Olútóyè wà lọ́dọ̀ mi. O rántí bẹ́ẹ̀dì mi tó máa ń mì, tó ń pariwo bí a bá yí padà? Mo ṣẹ́ káàdì náà po, mo kì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrú. Kò mì mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù yẹn, gbogbo àdúgbò á ti sùn kí ojú mi tó pa dé. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọn ò tíì jẹun tán nílé, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo dùbúlẹ̀, oorun sì gbé mi lọ.

Èmi tí o bùlọ́ọ̀kì, tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ,
Raqeebah.