Aago Tó Wà Lọ́dọ̀ Atúnaagoṣe

                                        Yàrá kẹta, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà.

Eyínmẹ́nugún, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé kí ni mò ń pè ní ọ̀ràn àpatì. Ọ̀ràn àpatì ni ọ̀ràn tí àwọn ọlọ́pàá wádìí títí tó fi sú wọn, tí wọ́n wá fi okùn di fáìlì rẹ̀, tí wọ́n gbé e sórí pẹpẹ pé bóyá lọ́jọ́ kan ẹnì kan á sọ̀rọ̀. Kò túmọ̀ sí pé ọ̀ràn náà ti parí. Àwọn tó ń wádìí rẹ̀ ló rẹ̀; ẹni tó ṣe é kò gbàgbé.

Ṣé dáadáa lo wà? Ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Orúnkún màmá ńkọ́? Ṣé ọmọ wa obìnrin ń gbádùn iṣẹ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀? Ní tèmi, ara le. Ojú nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu: awò méjì ni mò ń lò báyìí, ọ̀kan lórí èkejì. Má rẹ́rìn-ín.

Ìròyìn tí mo fẹ́ sọ wúwo. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí fóònù rẹ máa ń pariwo dé yàrá kejì. Ti ilẹ̀kùn, kó o sì jókòó.

Nígbà tó o fi fáìlì ikú ọkọ rẹ ránṣẹ́ sí mi, o fi aago ọwọ́ ọmọ wa sínú àpò kan náà, o sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà pé, "Níwọ̀n bó o ti fẹ́ràn nǹkan wínníwínní, bá wa wo aago yìí, ó ń dá dúró." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ẹ wá wo ayé: ogún ọdún ni mo fi ṣe àyẹ̀wò àpá àti àmì fún ọlọ́pàá, mo fẹ̀yìn tì, mo di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń dá ṣiṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi wá sọ mí di atúnaagoṣe. Mo gbé aago náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fáìlì ni mo kọ́kọ́ kà.

Kò nípọn ju ìka méjì lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, ni wọ́n bá ọkọ rẹ nínú kòtò ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, tòun ti ọgbẹ́ lórí. Àbúrò rẹ̀, tí ọmọ wa ń pè ní Bàbá Kékeré, sọ fún ọlọ́pàá pé òun kò fojú kan ẹ̀gbọ́n òun láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n bi ìwọ náà nípa aago ọwọ́ rẹ̀, torí wọn kò bá a lọ́wọ́ rẹ̀. O dáhùn pé, "Aago náà wà lọ́dọ̀ atúnaagoṣe." Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Aago kò sí lára ohun tó sọnù, ẹnikẹ́ni kò sì wá a. O sọ fún mi pé nígbà tó o máa fi lọ gbà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù náà ti di ibi tí wọ́n ti ń gẹrun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí fáìlì sú mi, mo tú aago ọmọ wa. O rántí ohun tí Bàbá Kékeré sọ lọ́jọ́ tó fún un nígbà tó jáde ìwé: ó ní tòun ni, pé òun àti ẹ̀gbọ́n òun jọ ra méjì tó jọra láyé ọjọ́un. Mo rí i pé ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá ara mu dáadáa. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn atúnaagoṣe àtijọ́ máa ń fi abẹ́rẹ́ ha àmì ara wọn àti ọjọ́ iṣẹ́ sínú ìdérí yẹn. Ẹni tó bá yọ ìdérí, ó rò pé òun ti yọ ìtàn aago kúrò nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ ojú aago gan-an, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, mo rí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀: ẹsẹ̀ ẹyẹ kan, àti ọjọ́ kan. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí ọkọ rẹ kú ni.

Mo gbé e sílẹ̀. Mo lọ bọ́jú.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá bàbá tó ni àmì náà. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ló ń gbé, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti fọ́.

"Ṣé aago lẹ wá gbà?" ló fi kí mi. "Ẹ ti pẹ́ jù o. Ojú mi ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi."

Mo fi irin náà sí i lọ́wọ́. Ó fi èékánná wá a kiri, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ àdàbà mi rèé!" Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ha á síbẹ̀. Ó ní àwọn oníbàárà a máa pààrọ̀ ìdérí níbòmíràn, wọ́n á wá bá òun jà pé òun ló jí ti gidi. "Èmi náà bá gbọ́n. Ẹ̀yìn ojú aago, ta ni ìyá rẹ̀ bí dáa tó máa débẹ̀?"

"Bàbá, àlejò nìyẹn o!" lọmọ rẹ̀ ké láti ìdí ẹ̀rọ.

Mi ò gbára lé ìrántí, ti àgbà tàbí ti ọmọdé. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ni mo béèrè. Ọmọ rẹ̀ ti fi í gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ tó kúrú. A fà á yọ, a gbọn eruku rẹ̀. Orúkọ ọkọ rẹ wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ inú aago náà wà níbẹ̀, ó bá ti ọwọ́ mi mu láìyẹ̀ ẹyọ kan. Wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: ó wá gbà á fúnra rẹ̀, Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọkọ rẹ fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, aago yìí wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kò sì sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tílẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́. Ẹni tó ní òun kò rí ẹ̀gbọ́n òun láti ọjọ́ Ajé ló wá ń pe aago náà ní tòun. Aago kò sọ pé òun ló pa á, mi ò sì ní sọ ohun tí aago kò sọ. Mi ò tíì mọ ohun tó dà wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n láàyè tàbí lókùú, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín àsìkò yẹn, ó sì fi í pamọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa yìí ku ọdún mẹ́ta.

Mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ báyìí. Má sọ ọ́. Ohun tó o mọ̀ lo sọ fún ọlọ́pàá. Iṣẹ́ tiwọn ni láti rìn dé ṣọ́ọ̀bù tí kò ju òpópónà méjì lọ sí àgọ́ wọn. Mo sì mọ̀ pé Bàbá Kékeré ló dúró tì ọ́, òun ló ń mú ọmọ wa lọ sílé ìwé, orí tábìlì rẹ ló ti ń jẹun ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni èmi àti agbẹjọ́rò máa kó gbogbo ẹ̀rí fún ọ̀gá ọlọ́pàá. O sọ pé Bàbá Kékeré fẹ́ rìnrìn àjò lópin oṣù yìí. Bó bá fura, kò ní dúró di òpin oṣù.

Bá mi kí màmá. Má tíì kí ọmọ wa fún mi; mi ò mọ bí mo ṣe máa kí i.

Dáná sun lẹ́tà yìí. Lọ́jọ́ Àìkú, ṣílẹ̀kùn fún Bàbá Kékeré, kó o sì gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ bó o ṣe ń ṣe. Bó bá béèrè aago ọmọ wa, má wo ilẹ̀. Wò ó lójú, kó o sọ fún un pé: aago náà wà lọ́dọ̀ atúnaagoṣe.

                                        Èmi ṣì ni tìrẹ, lọ́jọ́ dídùn àti lọ́jọ́ kíkan,
                                        Awòfín.